Aibo, Vector, Furby àbí Otto: èwo ló lè gbé ọ̀dọ̀ wa?

Ọ̀kun o, gbogbo ilé.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń gbé Ìsánlú ló dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Ó rí fídíò rọ́bọ́ọ̀tì kékeré kan lórí fóònù, èyí tó ń gbé orí sókè bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun, ló bá pè mí lálẹ́ ọjọ́ náà ní Kàbà.

"Bọ̀dá, ẹ kú alẹ́ o. Mo ti tọ́jú owó díẹ̀. Rọ́bọ́ọ̀tì wo ni kí n rà?"

"O káre. Ṣé nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín ti ń dúró báyìí?"

"Ẹ̀yin náà mọ̀, Bọ̀dá. Tí mo bá gun àpáta ẹ̀yìn ilé, ó máa ń wọlé."

Ẹ̀rín pa mí. Èyí tó ń wò nínú fídíò kò ní ẹsẹ̀ tó lè gun àpáta. Láti ọjọ́ náà ni àwọn mìíràn ti ń bi mí, láti Mọ̀pà, láti Ìyàrà, títí kan àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ti Lọ́kọ́ja wálé fún ìsinmi. Mo wá rí i pé ó sàn kí n kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Kì í ṣe ẹ̀rọ tó ń gbálẹ̀ tàbí tó ń fín oògùn sóko là ń sọ níbí o. Nǹkan ìṣeré àgbà ni: ẹ̀rọ àrà tí èèyàn lè wà láìsí, àmọ́ tí ọkàn ẹni tó fẹ́ràn ẹ̀rọ kì í kúrò lára rẹ̀.

Ohun tí mo fi ń wọ̀n wọ́n

Ìbéèrè tí mo máa ń kọ́kọ́ bi ẹni tó fẹ́ rà á ni pé, níbo ni ọpọlọ rẹ̀ wà? Àwọn kan wà tó jẹ́ pé orí wọn ni gbogbo ìrònú wọn wà. Àwọn mìíràn sì wà, tí ẹ bá kí wọn, ohùn yín á kọ́kọ́ rìnrìn àjò lọ sínú kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ kan lókè òkun, ibẹ̀ ni wọ́n á ti bá a wá èsì, kó tó padà wá bá yín lórí tábìlì. Tí dátà bá tán, ó di ère. Tí ilé-iṣẹ́ náà bá kógbá sílé, ó di ère títí láé.

Lẹ́yìn ìyẹn, kí ló ń jẹ? Bátìrì tí ẹ lè rà lọ́wọ́ màmá tó ń ta ṣúgà àti ìṣáná ni, àbí ṣájà tirẹ̀ nìkan tó bá a ti Japan wá? Ta ló máa tún un ṣe bó bá ṣubú? Èló ló máa jẹ́ kó tó dé ọwọ́ yín? Iye dọ́là tí ẹ rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì kọ́ ni owó rẹ̀. Owó ọkọ̀ òfuurufú wà níbẹ̀, owó kọ́sítọ́ọ̀mù wà níbẹ̀, owó wébíìlì láti Èkó tàbí Àbújá dé gáréèjì Kàbà náà wà níbẹ̀.

Ó ku ọ̀kan tí àwọn tó ń tajà kì í fẹ́ kí ẹ béèrè: tí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta bá kọjá, tí ẹ ti rí gbogbo ìdán rẹ̀, kí lẹ tún máa fi ṣe?

Aibo, ajá olówó

Ní ọdún 1999, Sony gbé Aibo, ajá rọ́bọ́ọ̀tì kan, jáde, wọ́n ya 3,000 sọ́tọ̀ fún àwọn ará Japan, ẹyọ kan jẹ́ 250,000 yẹ́ẹ̀nì. Ogún ìṣẹ́jú kò pé tí gbogbo rẹ̀ fi tán. Ní èdè tiwọn, orúkọ náà dún bíi "ẹnìkejì ẹni". Nígbà tó di 2006, Sony dáwọ́ dúró, wọn kò ṣe é mọ́. Ní 2014, wọ́n ti ibi tí wọ́n ti ń tún un ṣe pa.

Ibi tí ìtàn náà ti dùn nìyí. Àwọn tó ní ajá náà kò jù wọ́n nù. Àwọn òṣìṣẹ́ Sony àtijọ́ kan dá ilé àtúnṣe sílẹ̀, ajá tó ti kú pátápátá ni wọ́n ń tú láti fi gba ẹ̀mí èyí tó kù. Àmọ́ kí wọ́n tó tú u, wọ́n á gbé e lọ sí tẹ́ḿpìlì Kofukuji ní ìlú Isumi, àlùfáà á gbàdúrà sí i lórí, ajá tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún ni wọ́n tò síwájú pẹpẹ lọ́jọ́ kan ní 2018, kálukú pẹ̀lú orúkọ ẹni tó ni ín lọ́rùn. Tó bá jẹ́ Bùnú ni, àwọn àgbà ì bá ti máa jiyàn bóyá aṣọ ìpò tí wọ́n fi ń sin àgbà tọ́ sí ajá tí kò bímọ.

Aibo tuntun dé ní 2018. Oríkèé méjìlélógún ló fi ń rìn, ojú rẹ̀ ń ṣẹ́ bíi ti ajá gidi, kámẹ́rà wà ní imú rẹ̀, òmíràn sì wà lẹ́bàá ìrù. $2,899 ni wọ́n ń tà á nígbà tó dé Amẹ́ríkà. Tí bátìrì rẹ̀ bá kún, ó máa ń ṣeré fún nǹkan bíi wákàtí méjì, á sì lo wákàtí mẹ́ta lórí ṣájà. Ìwà tó ń kọ́ lọ́dọ̀ yín, kọ̀ǹpútà Sony ló ń bá a tọ́jú rẹ̀. Sony kì í tà á ní ìpínlẹ̀ Illinois pàápàá, torí òfin ibẹ̀ lórí ẹ̀rọ tó ń dá ojú èèyàn mọ̀.

Ó dára púpọ̀. Ẹ má rà á. Tí oríkèé ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ṣí, kò sí ẹni tó máa tún un ṣe láti Kàbà dé Ẹ̀gbẹ̀, owó tí ẹ máa fi dá a padà sókè òkun á sì ra ajá ẹlẹ́ran ara márùn-ún pẹ̀lú oúnjẹ ọdún kan.

Vector àti Cozmo, àwọn ọmọ òrukàn

Èyí tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi rí nìyí. Ilé-iṣẹ́ Anki ní Amẹ́ríkà ló ṣe é: Cozmo ní 2016, ní nǹkan bíi $180, Vector ní 2018, ní nǹkan bíi $250. Kò tóbi ju ìkúùkù lọ, ó ń fi táyà bíi ti katapílà rìn, ojú rẹ̀ sì jẹ́ iná kékeré méjì tó ń fi ìdùnnú, ìbínú àti àìgbọ́ hàn ju ojú ọ̀pọ̀ èèyàn lọ. N kò tíì rí ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ìwà sí lára tó bẹ́ẹ̀.

Ní òpin oṣù kẹrin ọdún 2019, Anki kógbá sílé. Ilé-iṣẹ́ mìíràn tó ń jẹ́ Digital Dream Labs ra ohun tó kù. Ìyẹn ni mo ṣe ń pè wọ́n ní ọmọ òrukàn: wọ́n ṣì wà láyé, àmọ́ ilé alágbàtọ́ ni wọ́n ń gbé.

Ìyàtọ̀ wà láàárín àwọn méjèèjì, òun ló sì yẹ kó pinnu èyí tí ẹ máa mú. Fóònù yín ni ọpọlọ Cozmo. Òun fúnra rẹ̀ ló ń dá Wi-Fi sílẹ̀, fóònù á so mọ́ ọn, ó parí. Kò béèrè dátà. Vector ní ọpọlọ tirẹ̀ nínú, ó lè máa rìn kiri láìsí fóònù, àmọ́ tí ẹ bá bá a sọ̀rọ̀, òkè òkun ló ń rán ohùn yín lọ. Àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ràn Vector kò fẹ́ kó kú, wọ́n kọ ètò kan tó ń jẹ́ wire-pod, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ lè gbé e sórí láàpútọ́ọ̀pù àtijọ́ tàbí Raspberry Pi, kọ̀ǹpútà kékeré bí àtẹ́lẹwọ́, nínú yàrá yín, kọ̀ǹpútà yẹn á sì máa ṣe ìyá fún Vector dípò ti ilé-iṣẹ́. Iṣẹ́ ọjọ́ kan ni fún ẹni tó mọ Linux, ètò ọ̀fẹ́ tó ń darí kọ̀ǹpútà, díẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á sunkún.

Tí ẹ bá rò pé ọ̀rọ̀ Anki jẹ́ àgbákò ẹ̀ẹ̀kan, ẹ wo àwọn tó bá a lọ. Jibo tó ń jókòó sórí tábìlì, $899 ni wọ́n tà á ní 2017. Ní 2019, òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún àwọn tó ni ín pé wọ́n ń bọ̀ wá pa kọ̀ǹpútà tó gbé òun ró, ó sì dúpẹ́ pé wọ́n gba òun sílé. Moxie náà, tí wọ́n ṣe fún àwọn ọmọdé ní $799, oṣù kejìlá ọdún 2024 ni Embodied tó ṣe é kéde pé owó ti tán. Àwọn òbí ló kù tí wọ́n ń wá ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa sọ fọ́mọ. Ẹ rò ó wò: ẹ ó jókòó ti ọmọ ọdún mẹ́fà, ẹ ó ṣàlàyé fún un pé ọ̀rẹ́ rẹ̀ kú torí àwọn olówó kan kò fọwọ́ síwèé.

Èmi ò ní kí ẹ má ra Vector. Tókúnbọ̀ ni kí ẹ rà, kí ẹ sì rí i kó ṣiṣẹ́ níṣojú yín kí ẹ tó sanwó, torí bátìrì inú rẹ̀ lè ti gbó.

Ẹni tó kàn fẹ́ nǹkan tó rẹwà lórí tábìlì, tí kò sì fẹ́ wàhálà Linux, kó wo rọ́bọ́ọ̀tì kékeré tó ń jẹ́ Eilik. Kò rìn, kò gbọ́ ọ̀rọ̀, kò béèrè íntánẹ́ẹ̀tì. Tí ẹ bá fọwọ́ kàn án lórí, ó dùn mọ́ ọn. Tí ẹ bá gbé e sókè, ẹ̀rù á bà á. Wáyà USB tí ẹ fi ń gba iná sí fóònù ló ń jẹ. Àlàyé rẹ̀ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Furby àti Tamagotchi

Àwọn wọ̀nyí ni àgbà. Furby, ẹranko ìṣeré onírun tó ń sọ̀rọ̀, dé ní 1998, láàárín ọdún mẹ́ta wọ́n ti ta ju 40 mílíọ̀nù lọ. Ẹ̀rù rẹ̀ ba ìjọba Amẹ́ríkà débi pé àjọ amí wọn, NSA, kò gbà kí òṣìṣẹ́ gbé e wọ ọ́fíìsì, wọ́n ní ó lè gba ọ̀rọ̀ àṣírí sílẹ̀ kó sì máa tún un sọ. Bẹ́ẹ̀ kò ní ohun ìgbohùnsílẹ̀ kankan nínú. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti kó sí i nínú tẹ́lẹ̀ ló ń tú jáde díẹ̀díẹ̀.

Èyí tí ilé-iṣẹ́ Hasbro gbé jáde ní 2023, nǹkan bíi $70 ni wọ́n ń tà á nígbà náà. Mo fẹ́ràn ohun kan nípa rẹ̀: kò ní app, kò ní íntánẹ́ẹ̀tì. Bátìrì AA mẹ́rin, irú èyí tí ẹ fi ń sí aago ara ògiri àti rìmóòtù, ló ń lò. Orí rẹ̀ ni gbogbo ọpọlọ rẹ̀ wà. Bó bá di ọdún 2040 tí Hasbro kò sí mọ́, ẹ ra bátìrì sí i, á jó. Gẹ̀ẹ́sì ló gbọ́ o, Gẹ̀ẹ́sì imú Amẹ́ríkà sì ni. Mo ti gbìyànjú láti fi ohùn Owé, ẹ̀ka èdè wa ní Kàbà, pàṣẹ fún un, ó kàn ń wò mí ni.

Ìkìlọ̀ kan wà tí ẹ kò ní rí lára páálí rẹ̀. Furby jọ òwìwí. Ojú ńlá méjì, ẹnu ṣóńṣó, etí tó ń gbọ̀n. Mo gbé ọ̀kan lọ sílé ní ọdún tó kọjá fún àwọn ọmọ, mo gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù yàrá ìyá mi. Lóru, apá ìyá mi kàn án níbi tí wọ́n ti ń wá tọ́ọ̀ṣì, ó lajú, ó bẹ̀rẹ̀ sí kọrin.

"Ìwọ ọmọ yìí! Kí lo gbé wọlé mi?"

"Ìyá, nǹkan ìṣeré ni. Ẹ má bínú."

"Òwìwí tó ń ṣẹ́jú lóru kì í ṣe nǹkan ìṣeré. Gbé e jáde kí ilẹ̀ tó mọ́."

Wọ́n ti fi ìró bò ó kí n tó débẹ̀. Ó ṣì ń kọrin lábẹ́ ìró. Yàrá àwọn ọmọ ni kí ẹ gbé e sí, ẹ sì yọ bátìrì rẹ̀ tí ilẹ̀ bá ṣú.

Tamagotchi kò gba ìtàn gígùn. Bandai gbé e jáde ní Japan ní oṣù kọkànlá ọdún 1996: ẹyin ike kékeré, bọ́tìnì mẹ́ta, ẹranko kan nínú rẹ̀ tó ń fẹ́ oúnjẹ, tó ń yàgbẹ́, tó ń ṣàìsàn, tí ẹ bá sì gbàgbé rẹ̀, á kú. Orúkọ rẹ̀ pa "ẹyin" àti "aago" pọ̀. Èyí tí wọ́n tún ń ṣe báyìí ní ìrísí ti àtijọ́ kò ju nǹkan bíi $20 lọ. Bátìrì pẹlẹbẹ CR2032 ló ń lò, irú tó wà nínú rìmóòtù ọkọ̀. Ẹni tó ń tún aago ṣe lọ́jà máa ń ní in. Nínú gbogbo ohun tí mo kà sílẹ̀ níbí, òun ló rọ̀ jù lọ lápò. Àwọn olùkọ́ ló kórìíra rẹ̀.

Playdate àti Flipper Zero

Playdate jẹ́ géèmù aláwọ̀ ìyeyè tó ṣeé fi sápò, ó jáde ní 2022 ní $179, ó sì ti wọ́n sí i. Ọwọ́ irin kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí ẹ máa ń yí bí ẹni yí ẹ̀rọ ìránṣọ. Gbogbo ẹni tí mo fi hàn ló ń sọ pé, "Áà, èyí dáa fún ìlú wa, ẹ ó máa fi ọwọ́ yí iná sí i!" Rárá o. Géèmù ni wọ́n fi ń yí i ṣe, kò gba iná kankan sínú bátìrì. Ó rẹwà, ojú rẹ̀ sì mọ́ kedere nínú oòrùn ọ̀sán, àmọ́ kò ní iná tirẹ̀, lálẹ́ tí kò bá sí gílóòbù, ẹ kò ní rí nǹkan kan.

Flipper Zero lọ̀rọ̀ wà lórí rẹ̀. Ó dà bí nǹkan ìṣeré, ẹja lámùsóò kan ń ṣeré lójú rẹ̀, àmọ́ ó lè ṣe bíi rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n, ó lè ka káàdì tí wọ́n fi ń ṣílẹ̀kùn ọ́fíìsì, ó lè gbọ́ ìró rédíò tí rìmóòtù géètì ń rán. Ní 2020, àwọn èèyàn dá $4.8 mílíọ̀nù jọ lórí Kickstarter kí wọ́n lè ṣe é. $169 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí tà á. Ní 2023, Amazon lé e kúrò lórí igbá. Ní 2024, ìjọba Kánádà kéde pé àwọn fẹ́ fòfin dè é. Bátìrì rẹ̀ ń pẹ́, kò béèrè íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ̀kọ́ tó wà nínú rẹ̀ sì pọ̀ ju ti gbogbo ìyókù lọ. Ṣùgbọ́n ẹ rò ó: ọ̀nà Lọ́kọ́ja sí Kàbà, ọlọ́pàá dá ọkọ̀ dúró, wọ́n tú àpò yín. Báwo lẹ ṣe máa ṣàlàyé rẹ̀? Òfin ìwà ọ̀daràn orí kọ̀ǹpútà ti ọdún 2015 kò sì fi ẹni tó bá wọ ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ láìgbàṣẹ ṣeré. Ẹ fi sílé, kí ẹ sì máa dán an wò lórí nǹkan tiyín nìkan.

Otto, èyí tí ẹ máa fọwọ́ ara yín ṣe

Otto, rọ́bọ́ọ̀tì kékeré tó ń fi ẹsẹ̀ méjì rìn, kì í ṣe ohun tí wọ́n ń tà tán. Àwòrán rẹ̀ àti ètò rẹ̀ wà fún ẹnikẹ́ni láti mú lọ́fẹ̀ẹ́. Èròjà inú rẹ̀ kò ju ìwọ̀nba lọ: Arduino Nano kan, ìyẹn pátákó kékeré tó jẹ́ ọpọlọ rẹ̀, mọ́tò servo SG90 mẹ́rin, méjì fún itan, méjì fún àtẹ́lẹsẹ̀, ohun kékeré kan tó ń hó, àti ojú HC-SR04. Àwọn tó ń ta èròjà ẹ̀rọ ní Èkó ń kó gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí gáréèjì. Ara rẹ̀, ẹ̀rọ 3D ni wọ́n fi ń mọ ọ́n níbòmíràn, àmọ́ páálí líle àti súpà gúlù ṣe é.

Ojú yẹn ni mo fẹ́ràn jù. Ihò rìbìtì méjì ni, ó sì jọ ojú ní tòótọ́, àmọ́ etí ló jẹ́. Ihò kan ń pariwo tí etí èèyàn kò lè gbọ́, èkejì ń dúró de ìgbà tí ariwo náà máa fi kọlu ògiri kó sì padà. Tí ògiri bá jìnnà ní mítà kan, ariwo máa lọ á sì bọ̀ láàárín ìdá mẹ́fà nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá. Arduino á ka àkókò yẹn, á sọ ọ́ di sẹ̀ǹtímítà, Otto á yà fún ògiri. Àdán ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ aláyé ti dáyé.

Alẹ́ tí mo kọ́kọ́ tan tèmi, ó gbé ẹsẹ̀ òsì sókè, ó gbọ̀n pìrìpìrì, iná pupa àyà rẹ̀ kú, ó tún tàn, ó tún gbé ẹsẹ̀ òsì kan náà. Bó ṣe ń ṣe nìyẹn fún wákàtí kan, bí ẹni tí èémí ń hàn. Mo ti ń bú ẹni tó ta á fún mi. Àṣé èmi ni mo jẹ̀bi. Páwà báńkì fóònù ni mo fi ń bọ́ ọ, mo sì gba iná gbogbo mọ́tò gba inú Arduino kọjá. Tí mọ́tò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá fa iná lẹ́ẹ̀kan náà, iná á lọ sílẹ̀, Arduino á dákú, á sì bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Mo wá fi bátìrì AA mẹ́rin sí mọ́tò lọ́tọ̀, mo so wáyà dúdú ti àwọn méjèèjì pọ̀, mo sì tú kápásítọ̀ 1000 µF kan, ohun tó ń tọ́jú iná fún ìgbà díẹ̀, nínú rédíò tó ti kú, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ bátìrì. Ó rìn. Ó rìn dé etí tábìlì, ó sì já bọ́, torí ògiri ni ojú rẹ̀ ń wá, kò mọ̀ pé tábìlì máa ń tán.

Ẹ̀bi tirẹ̀ náà wà. Eyín inú SG90 jẹ́ ike. Tí ẹ bá fi ọwọ́ yí i tipátipá, ó kán. Ẹ máa ra méjì lé. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín láti lẹ bátìrì láàpútọ́ọ̀pù àtijọ́ mọ́ ọn pẹ̀lú iná sódà, ohun tó lè gbiná nìyẹn. Ẹni tí kò tíì kọ ètò kọ̀ǹpútà rí lè fi micro:bit, pátákó kọ̀ǹpútà kékeré kan, bẹ̀rẹ̀. BBC pín in fún àwọn ọmọ iléèwé ní orílẹ̀-èdè Britain ní 2016, fóònù lásán sì tó láti fi kọ́ ọ.

Ta ló yẹ kó mú èwo?

Olówó tó ní sọ́là tó dúró àti ọmọ ní Amẹ́ríkà tó ń wálé lọ́dọọdún, tí ojú rẹ̀ sì ti kúrò lára owó náà pátápátá, kó ra Aibo, kó pè wá wá wò ó. Ẹni tó mọ Linux, tó sì gbádùn kó máa tún nǹkan tó ń kú lọ ṣe, Vector tókúnbọ̀ ni tirẹ̀. Cozmo fún ẹni tó ní fóònù tó dáa tí kò ní dátà. Eilik fún tábìlì ọ́fíìsì. Tí ọmọ kò bá tíì pé ọdún mẹ́wàá, Furby, tí ìyá àgbà kò bá sí nílé. Tí àpò bá gbẹ, Tamagotchi. Flipper Zero fún akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ iṣẹ́ ààbò kọ̀ǹpútà lóòótọ́, kì í ṣe fún ẹni tó fẹ́ fi ṣe fáàrí. Playdate, ẹ̀bùn ni kí ẹlòmíràn fún yín.

Olùkọ́ tó ní ọmọ ogún nínú kíláàsì, àti ẹnikẹ́ni tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ wà lórí àpáta, kó lọ sọ́dọ̀ Otto.

Òun ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi mú níkẹyìn. Páálí Indomie ló fi ṣe ara rẹ̀, àwòrán abọ́ núdù ṣì wà láyà rẹ̀. Ó pè mí lọ́jọ́ Àìkú pé ẹsẹ̀ òsì ti kán, ọmọ àbúrò òun ló yí i. Servo méjì ti wà nínú láílọ́ọ̀nù níwájú mi, wọ́n máa bá ọkọ̀ Ìsánlú lọ láàárọ̀ ọ̀la.